Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Olùdarí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú Wa ní London, lórí Àyẹ̀wò Owó Ìtọ́jú Àwọn Òbí Wa

Sí Ààrẹ, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmójútó gbogbo wa. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, n kò fi í ránṣẹ́ sí Akọ̀wé nìkan, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò sí nínú ẹgbẹ́ tiwa, tí wọ́n ń gbé ní Peckham, Woolwich, Manchester tàbí Leeds, tí irú ìwé àyẹ̀wò kan náà sì ń wọlé tọ̀ wọ́n wá láti ọ̀dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba níbí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn díẹ̀ tí yóò máa ran ìdílé lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò owó tí NHS fi ń tọ́jú òbí wọn tàbí ẹbí wọn tí ara rẹ̀ kò yá. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹ́ ti dá owó, wọ́n ti yan aṣọ, wọ́n sì ti mọ ẹni tí yóò sin olóòkú dé pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà wà láàyè, tí ó ń ṣàìsàn, tí ìwé àyẹ̀wò dé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí kò mọ ohun tí wọ́n wá wò, tí kò sì mọ ohun tí ó yẹ kí òun sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí owó náà jẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí ó tọ́ sí tí wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní ilẹ̀ England, ẹnikẹ́ni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18, tí àìsàn rẹ̀ sì ti le débi pé ìtọ́jú ìlera gan-an ni olórí ohun tí ó nílò, NHS ni ó gbọ́dọ̀ san gbogbo owó ìtọ́jú rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ilé tirẹ̀ tàbí nínú ilé ìtọ́jú àgbà. NHS Continuing Healthcare ni wọ́n ń pè é, CHC ni a máa ń gé e kúrú sí. Wọn kì í wo iye tí ó wà ní báńkì, wọn kì í sì í wo ilé tí ènìyàn ní. Ti káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ káńsù, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò máa fi owó ara rẹ̀ san ìtọ́jú, bí ó bá sì jẹ́ pé ilé ìtọ́jú ni ó kó lọ pátápátá, tí kò fi ọkọ tàbí aya sílẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, wọ́n lè ka ilé náà mọ́ ohun ìní yẹn. Owó ilé ìtọ́jú tí ó ní nọ́ọ̀sì ní London ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́ùn lọ lọ́sẹ̀ dáadáa. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilé tí bàbá kan fi iṣẹ́ alẹ́ láti ọdún dé ọdún rà, bí wọ́n bá jókòó lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní CHC kò tọ́ sí i mọ́.

England nìkan ni mò ń sọ o. Scotland ti fòpin sí irú ètò yìí láti 2015, Wales sì ní ìlànà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò kan òbí tí ó wá kí wa pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, àwọn tí ó fi ibí ṣe ibùgbé lábẹ́ òfin ni ó kàn.

Owó yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fúnni kí wọ́n sì gbàgbé. Ìlànà ìjọba tí ó ń darí rẹ̀, èyí tí wọ́n tún ṣe ní July 2022 nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ NHS tí wọ́n ń pè ní Integrated Care Board gba iṣẹ́ náà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, sọ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kí oṣù mẹ́ta tó kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí: ìlànà kan náà sọ pé olórí iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí ni láti mọ̀ bóyá ètò ìtọ́jú tí ó wà nílẹ̀ ṣì bá ohun tí aláìsàn nílò mu, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà kò ní sí ìdí kankan láti tún máa wádìí bóyá owó náà tọ́ sí i. Bí ẹ̀rí bá wà pé ara aláìsàn ti yí padà débi pé ó yẹ kí wọ́n tún ẹ̀tọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n gbọ́dọ̀ pe àwọn oníṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra jọ, kí wọ́n sì kún ìwé tuntun tí wọ́n ń pè ní Decision Support Tool. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kò lè dá a parí nínú pálọ̀ yín. Àmọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò ni wọn yóò fi pinnu bóyá kí wọ́n pe àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí wọ́n fi ń pe ìdílé máa ń dà bí ẹni pé wọ́n kàn fẹ́ wá kí aláìsàn ni.

Ìwé Decision Support Tool yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fi ojú kàn rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ọ̀nà méjìlá ni ó gbà wo ènìyàn: mímí, jíjẹ àti mímu, ìtọ̀ àti ìgbẹ́, awọ ara, rírìn àti yíyí ara padà, bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀, ìdààmú ọkàn, òye àti ìrántí, ìwà, oògùn pẹ̀lú ìrora, dídákú àti wárápá, àti ààyè kan fún ohunkóhun mìíràn tí kò bá bọ́ sí abẹ́ àwọn ti ìṣáájú. Ní abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yan ìpele, láti orí ẹni tí kò nílò ohunkóhun títí dé High (ó ga), Severe (ó le gan-an), àti Priority tí ó ga jù lọ, èyí tí ó wà nínú mẹ́rin péré nínú àwọn ọ̀nà méjìlá náà. Ẹni tí ó bá ní Priority kan, tàbí Severe méjì, a retí pé kí wọ́n gbà pé owó náà tọ́ sí i. Ẹni tí kò ní wọn ṣì lè rí i gbà bí a bá wo bí àwọn àìní rẹ̀ ṣe rí, bí wọ́n ṣe le tó, bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ra wọn, àti bí wọ́n ṣe lè ṣàdédé burú sí i. Ẹ ó rí i pé orúkọ àìsàn kọ́ ni wọ́n fi ń pinnu. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn wa ń sọ pé, “Ṣebí dementia ni, ṣebí rọpárọsẹ̀ ni, kí ni wọ́n tún fẹ́ wò?” Ohun tí àìsàn náà ń fi ojú aláìsàn rí láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, bí kò bá sì sí ẹni tí ó sọ ọ́, tí kò sì sí nínú ìwé, lójú tiwọn kò ṣẹlẹ̀.

Ibí ni ìṣòro tiwa gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í tú àṣírí àgbà síta. Mo wà níbi tí nọ́ọ̀sì ti bi ọmọkùnrin kan léèrè bóyá bàbá rẹ̀ máa ń bá àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ jà, tí ó sì dáhùn pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá òun, nígbà tí ẹ̀yìn ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣì ní ojú èékánná tí bàbá fi ha á láàárọ̀ ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Bàbá tí ó mọ̀ kí àìsàn tó dé ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Bí a bá bi ọmọbìnrin léèrè ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, yóò ní “ó kàn máa ń ṣòro díẹ̀ nígbà mìíràn,” torí pé bàbá jókòó níbẹ̀ tí ó ń gbọ́. Àwọn onígbàgbọ́ nínú wa tún wà tí wọn kò fẹ́ fi ẹnu ara wọn pe àìsàn, tí wọ́n á máa sọ pé màmá ti ń gbádùn ní orúkọ Jésù. Èmi náà ń gbàdúrà, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́ ni yóò kọ, kò ní àyè tí ó lè kọ ìgbàgbọ́ sí.

Àwọn aláìsàn náà kì í ràn wá lọ́wọ́. Ìyá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èmi ni ọmọ tí òun bí, àmọ́ bí àlejò bá ti gbé fáìlì wọlé, á tún gèlè orí rẹ̀ ṣe, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì bi àlejò léèrè bóyá ó ti jẹun. Ẹni tí ó bá rí i fún ogún ìṣẹ́jú yẹn yóò búra pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn kiri, tí yóò máa pe ìyá tirẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́, tí yóò sì ti ẹni tí ó bá fẹ́ mú un padà sórí ibùsùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ìdílé béèrè pé kí àwọn bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, níbi tí aláìsàn kò sí. Wọn kì í sábà kọ̀. Ibẹ̀ ni a ti lè la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ láìtẹ́ àgbà lójú ara rẹ̀, mo sì rò pé èyí nìkan ṣoṣo, bí gbogbo ìdílé bá mọ̀ ọ́n, yóò yí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò padà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó máa ń fa owó dànù ni pé aláìsàn “ti dára sí i.” Ìyá mi ń jẹun dáadáa, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń jẹun. A ó kọ́kọ́ gbé e jókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà ró, a ó fi ìyẹ̀fun tí dókítà kọ po ògì tàbí omi rẹ̀ kí ó lè ki, nítorí ohun tí ó bá ṣàn máa ń gba ọ̀nà ọ̀fun afẹ́fẹ́. Ṣíbí tíì ni a fi ń fún un. A ó fi í sí ẹnu, a ó dúró, a ó máa wo ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi gbé e mì, a ó ní kí ó tún gbé e mì lẹ́ẹ̀kejì, a ó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ bóyá ó ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, kí a tó bu ṣíbí mìíràn. Bí ó bá wúkọ́, a ó dáwọ́ dúró. Abọ́ ògì kan lè gba wákàtí kan ó lé. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá kánjú, àyà rẹ̀ á kún, yóò sì di ilé ìwòsàn. Gbogbo èyí ni ó wà lábẹ́ “ó ń jẹun dáadáa.” Bí òpó bá gbé òrùlé ró tí òrùlé kò wó, kò sí ẹni tí yóò sọ pé òpó kò wúlò mọ́. Ìlànà ìjọba gan-an sọ ọ́ kedere pé àìní tí a bá ń bójú tó dáadáa, àìní ni ó ṣì jẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré rẹ̀ nítorí pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Àfi bí ìtọ́jú náà bá ti mú àìní ọ̀hún kúrò tàbí tí ó dín in kù títí lọ. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀ sórí kí nọ́ọ̀sì tó kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ní ara màmá ti “dúró sójú kan,” kí wọ́n béèrè pé kí ni ó mú un dúró, ta ni ó ń ṣe é, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́la.

Àwọn ohun méjì tún wà tí ó jẹ́ tiwa, tí ẹni tí kì í ṣe ara wa lè má kíyè sí. Àkọ́kọ́ ni awọ ara. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, egbò ìdùbúlẹ̀ lè dá sí i ní ìdí tàbí ní gìgísẹ̀, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ni pé kí wọ́n máa wo ibi tí ó bá ti ń pọ́n. Awọ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ó lè ṣú ju bí ó ṣe wà lọ, ó lè gbóná lọ́wọ́, ó lè le tàbí kí ó rọ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, ó sì lè máa dun aláìsàn tí kò lè sọ ọ́. Nítorí náà, ìwé lè sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe awọ bàbá yín ní ọ̀sẹ̀ kan, kí egbò sì là ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ máa fi ọwọ́ kàn án, ẹ ya fọ́tò níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé yíyí tí àwọn olùtọ́jú ń yí i lóru ni kò jẹ́ kí egbò dá, ẹ rí i pé wọ́n kọ yíyí náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí wọ́n ṣe é.

Èkejì ni èdè. Àgbà tí àrùn ìgbàgbé mú sábà máa ń pàdánù èdè tí ó kọ́ kẹ́yìn kí ó tó pàdánù tí ó fi ẹnu àkọ́kọ́ sọ, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí wa tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní London fún ogójì ọdún fi ń padà sí Yorùbá pọ́ńbélé, òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń padà sí ẹ̀ka èdè ìlú wa tí ògbufọ̀ tí wọ́n bí ní Èkó lè má gbọ́ tán. Olùtọ́jú tí kò gbọ́ yóò kọ pé aláìsàn ń ráhùn láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ó ń sọ pé inú ń run òun, tàbí pé ìtọ̀ ń gbẹ òun. Nọ́ọ̀sì mìíràn yóò sọ pé ìṣòro èdè lásán ni, pé kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú àìsàn. Ẹgbẹ́ lè wúlò níbí ju ibikíbi lọ: kí ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè náà jókòó ti àgbà, kí ó sì lè sọ fún wọn pé lédè Yorùbá gan-an, ọ̀rọ̀ bàbá kò já geere, pé ohun tí ó ń sọ kò bá ohun tí a bi í mu. Ìdílé gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò pé àwọn ń fẹ́ ògbufọ̀. Kí a má ṣe fi ọmọ ṣe ògbufọ̀, nítorí ọmọ ti ní ẹ̀rí tirẹ̀ tí ó fẹ́ jẹ́, kò sì lè jẹ́ ẹnu méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé ni olórí ohun tí a fi ń múra. Kí ìdílé béèrè fún ẹ̀dà Decision Support Tool tí wọ́n fi fọwọ́ sí owó náà ní ìṣáájú, nítorí òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí a lè wo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà méjìlá yẹn bóyá ó yí padà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n béèrè fún ìwé ojoojúmọ́ láti ilé ìtọ́jú tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń rán olùtọ́jú wá, ìwé oògùn, àti ìwé tí wọ́n ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìwà sí, tí wọ́n ń pè ní ABC chart. Òfin ààbò ìsọfúnni fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n fèsì láàárín oṣù kan, nítorí náà kí a má dúró di ìgbà tí ìwé àyẹ̀wò bá dé kí a tó béèrè. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ fi ojú rí kò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ òru yóò kọ “sùn dáadáa” fún alẹ́ tí gbogbo ilé kò sùn. N kò bínú sí wọn. Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú wọn, a sì mọ bí ojú ṣe ń wúwo tó lágogo márùn-ún ìdájí. Ṣùgbọ́n ẹ bá ọ̀gá ilé ìtọ́jú sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa kọ tiyín sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́, aago, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹ ṣe, bí ó ṣe pẹ́ tó. “Ara màmá kò yá lánàá” kò sọ nǹkan kan fún wọn. “Aago méjì òru, ó kọ oògùn, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó gba ènìyàn méjì kí a tó lè pààrọ̀ aṣọ rẹ̀” ni wọ́n lè fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà wà níbẹ̀. Nílé wa, dáwódù ni ó ń sọ̀rọ̀ fún bàbá. Lábẹ́ òfin England, jíjẹ́ àkọ́bí tàbí ìyàwó kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti ṣe ìpinnu fún ẹni tí òye rẹ̀ ti lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹbí, àmọ́ ohun tí ó fúnni láṣẹ ni ìwé Lasting Power of Attorney, tí ọ̀kan wà fún ìlera, tí èkejì wà fún owó. Ìgbà tí òye bàbá bá ṣì pé nìkan ni ó lè fọwọ́ sí i. Bí ó bá ti kọjá ìgbà náà, Court of Protection, ilé ẹjọ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹni tí òye rẹ̀ ti lọ, ni ó kù, ibẹ̀ sì gun, ó tún ń náni lówó. Kí ẹgbẹ́ jọ̀wọ́ máa rán àwọn òbí tí ara wọn ṣì le létí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń rò ó pé a fẹ́ jogún ààyè ènìyàn.

Bí ìpinnu bá wá lọ sí ibi tí kò dára ńkọ́? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. NHS kò gbọ́dọ̀ kàn fa ọwọ́ owó náà sẹ́yìn lójijì. Àwọn àti káńsù gbọ́dọ̀ jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí wọ́n sì rí i pé ètò mìíràn ti wà nílẹ̀ fún aláìsàn. Láti ọjọ́ tí ìwé ìpinnu bá dé, ìdílé ní oṣù mẹ́fà láti kọ̀wé sí Integrated Care Board pé kí wọ́n tún un wò. Bí èsì yẹn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n tún ní oṣù mẹ́fà láti bẹ NHS England fún àyẹ̀wò aládàádúró, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ Parliamentary and Health Service Ombudsman, ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ènìyàn lórí NHS. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Beacon, tí ó máa ń fúnni ní ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ lórí CHC lórí fóònù. Kí ìdílé pè wọ́n kí wọ́n tó fi owó fún lọ́yà èyíkéyìí. Ẹ̀tọ́ tí à ń sọ yìí kò sì jábọ́ láti ọ̀run. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Pamela Coughlan, tí ìjàmbá ọkọ̀ gba agbára apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 1971, ni ó pe aláṣẹ ìlera ní Devon lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá a láre ní 1999 pé irú ìtọ́jú tí ó nílò ju ohun tí a lè gbé lé káńsù lọ́wọ́ lọ. Obìnrin yẹn kò sí ní bèbè ikú, ọpọlọ rẹ̀ pé, ara rẹ̀ kò sì ń yí padà lójoojúmọ́. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n sọ fún ìdílé kan pé ara òbí wọn kò burú tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní nọ́ọ̀sì, a ní òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú, a ní àwọn tí ń bá káńsù ṣiṣẹ́, a sì ní àwọn tí ó ti la àyẹ̀wò yìí kọjá pẹ̀lú òbí tiwọn. Kí ẹ yan mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti bá ìdílé ka ìwé ìṣáájú, láti kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ ìwé ojoojúmọ́, láti bá wọn wá ẹni tí ó gbọ́ èdè àgbà náà, àti láti jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ àyẹ̀wò bí wọ́n bá fẹ́, nítorí ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti mú ẹni tí yóò dúró tì wọ́n wá. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ NHS tí ó ni ìpinnu náà gan-an, kí ó yọ ọwọ́ kúrò nínú ti ìdílé yẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ṣe ojúsàájú. Kí wọ́n má gba kọ́bọ̀. Kí ohun tí wọ́n bá gbọ́ nínú ilé aláìsàn má sì dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ láéláé, ìbáà ṣe fún àdúrà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yóò jáde ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ké gbàjarè, ó sì jọ mí lójú pé bí wọ́n bá rú òfin kan yìí lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ìdílé tí yóò tún ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́.

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí, pé kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn mìíràn yóò ní ó jọ pé a ń tọrọ. Àwọn òbí wa san owó orí àti National Insurance lórí gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbí, òfin sì ni ó sọ pé kí NHS tọ́jú wọn. Ẹni tí ó bá múra láti dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ kò tọrọ ohunkóhun.

Ìdílé kan nínú ẹgbẹ́ wa ti gbà kí n sọ, láìdárúkọ wọn, pé ìwé àyẹ̀wò tiwọn ti dé, oṣù tí ń bọ̀ sì ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Bí ẹ bá lè fi ọ̀rọ̀ yìí sí orí ètò ìpàdé tí ń bọ̀, ṣáájú ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́, a ó lè fi tiwọn bẹ̀rẹ̀. Èmi yóò tẹ Decision Support Tool tí a kò tíì kún jáde wá, kí gbogbo wa lè jọ kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí ń tọ́jú ìyá rẹ̀